Mọ́tò Tí Kò Ṣeé Rà Lọ́jọ́ Ìsinmi

Nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣe ọmọdé, ọdún tí à ń wá mọ́tò ni mo rántí jù. A kò tíì pẹ́ ní Houston nígbà náà. Inú fúláàtì kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Mission Bend là ń gbé, àwa mẹ́rin: Dádì, Mọ́mì, Màmá tó bí Dádì, àti èmi. Ariwo ilé yẹn ò tíì kúrò létí mi. Ẹ̀rọ ìfọṣọ tí gbogbo ayálégbé ń lò wà nísàlẹ̀ wa gan-an, tó bá sì ti ń yí, àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wa á máa bá a gbọ̀n. Màmá á ní, "Ẹ gbọ́, wọ́n tún ti ń gúnyán nísàlẹ̀." Òun fúnra rẹ̀ gbé odó kékeré kan wá láti Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fi gúnyán, ará ìsàlẹ̀ mú igi, ó ń fi gbá àjà ilé rẹ̀ sí wa. Màmá rò pé onítọ̀hún ń bá òun lù ú ni, ó sì tún fi kún un. Láti ìgbà tí wọ́n ti là á yé e, orí bùláńkẹ́ẹ̀tì tí a ṣẹ́ po ló ń gbé odó lé, á wá máa rọra gún un bí ẹni tó ń gbá ọmọ lẹ́yìn kó lè sùn. Iyán yẹn kì í jọ iyán mọ́, ó máa ń ní kókó, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni iṣẹ́ ilé máa ń pọ̀ jù. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ, nítorí náà sùtánà mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ funfun kí ilẹ̀ tó mọ́. Mọ́mì á fọ̀ wọ́n nínú ibi ìwẹ̀, èmi á lọ̀ wọ́n. Màmá á jókòó ti ẹ̀wà tí a ti rẹ, á máa bó o fún mọ́ínmọ́ín ọjọ́ kejì, á sì máa bá ẹ̀wà náà sọ̀rọ̀. "Ìwọ yìí, gbogbo ẹgbẹ́ ẹ ti bọ́ṣọ, kí lò ń dúró dè?" Dádì ò ní tíì dé. Ilé ìkẹ́rùsí kan nítòsí pápá ọkọ̀ òfuurufú, ní apá Humble, ló ti ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè títí dé Sátidé. Alàgbà kan nínú ìjọ wa tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀. Wọ́n á ti jáde kí n tó jí, nígbà tó bá sì fi máa wọlé, gbogbo ọlọ́jà á ti palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀ ni Sọ́ńdè.

Iṣẹ́ tí Mọ́mì rí ló sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò di ọ̀ràn. Ní Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, aláìsàn ló ń tọ́jú. Ní Houston, balùwẹ̀ àwọn ènìyàn ló ń bá wọn fọ̀. Ó lọ gba ìwé ẹ̀rí lórí ìtọ́jú àwọn arúgbó, ilé ìtọ́jú kan ní Fulshear sì gbà á síṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kankan ò dé ọ̀hún. Ọ̀gá ibẹ̀ sọ fún un pé àwọn á fi àyè náà dè é di Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú ọdún tuntun. Tí kò bá tíì ní ohun tó máa gbé e wá, àwọn á fún ẹlòmíràn. Mọ́mì ti ra aṣọ iṣẹ́ náà, aláwọ̀ búlúù, ó fi kọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Owó mọ́tò ti wà nílẹ̀. Ó mọ mọ́tò wà, ó sì ti gba láísẹ́ńsì ìpínlẹ̀ Texas. Dádì náà mọ̀ ọ́n wà, àmọ́ kò tíì gba tirẹ̀, nítorí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gbà á kì í ṣí lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí ló wá kù? Ó kù kí Dádì lọ ra mọ́tò. Nílé wa, obìnrin lè wa mọ́tò, ó lè fọ̀ ọ́, ó lè gbàdúrà sí i, ṣùgbọ́n baálé ilé ló ń rà á. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni sọ òfin yẹn jáde lẹ́nu rí. Mo kàn mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ àga tí Dádì máa ń jókòó sí.

Sọ́ńdè àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìsìn, Alàgbà já wa sílẹ̀ níwájú sítáǹdì kan tí wọ́n ti ń ta mọ́tò àlòkù, níbi tí kò jìnnà sílé wa. A wọ sùtánà wa, a ò wọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìjọ wa. Màmá wo àwọn mọ́tò náà tí wọ́n lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó ní, "Ṣé Tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí?" Dádì ní, "Màámi, òkè òkun náà la wà yìí." Ibẹ̀ ni a ti rí i pé wọ́n ta ṣẹ́ẹ̀nì kọjá ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì lẹ bébà mọ́ ìlẹ̀kùn ọ́fíìsì pé àwọn ò ṣí lónìí. Dádì ka bébà náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ó yíjú sí òdìkejì títì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá kan bí èèrà. Ó ní, "Ní Amẹ́ríkà yìí? Níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì látàárọ̀ ṣúlẹ̀?" Alàgbà, tí kò tíì kúrò, yọrí lójú wíńdò mọ́tò rẹ̀. "Òfin Texas ni, Bùrọ̀dá. Ẹni tó bá ń ta mọ́tò ò gbọdọ̀ tà á ní Sátidé kó tún tà á ní Sọ́ńdè. Kó mú ọ̀kan. Sátidé ni púpọ̀ nínú wọn sì máa ń mú." Màmá pàtẹ́wọ́. "Wọ́n ń ta ẹran, wọ́n ń ta bàtà, wọ́n ń ta oúnjẹ ajá. Mọ́tò nìkan ló ń pa ọjọ́ Olúwa mọ́. Ẹ máa wò ó, mọ́tò á ṣáájú wa wọ ọ̀run."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó tì ṣe rí nílé wa ní Abẹ́òkúta, kí ohun tí Dádì ṣe ní Sọ́ńdè kejì lè yé yín. Ṣọ́ọ̀bù tó bá tì, iwájú rẹ̀ ló tì. Tí iyọ̀ bá tán lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n máa ń rán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta nǹkan ìsebẹ̀ ládùúgbò. Ìlẹ̀kùn pákó ni mo máa ń bá níwájú, pẹ̀lú àgádágodo ńlá. Èmi á yí sẹ́yìn ilé, màá rọra kan wíńdò, màá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọ́n ní kí n wá ra iyọ̀." Ọwọ́ kan á jáde láàárín kọ́tìnì, á gba owó, á wọlé, á tún jáde pẹ̀lú iyọ̀. Nígbà míràn mi ò ní rí ojú ẹni tó ni ọwọ́. Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà, nítorí náà ọjà tí a fi ọwọ́ nìkan ná yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju gbogbo ọjà lọ. Títí dòní, èmi tí mo ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan tí a máa ń tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ènìyàn wa ṣì ń pè mí lórí fóònù: "Tinúkẹ́, mo mọ̀ pé ẹ ò ṣí o. Ṣé kí n gba ẹ̀yìn wá?" Mi ò sì mọ bí a ṣe ń sọ fún wọn pé kò sí ẹ̀yìn.

Dádì gbé ìgbàgbọ́ yẹn rékọjá òkun. Sọ́ńdè kejì, ó ní kò sí bí ènìyàn á ṣe ní ọjà tó tó báyìí kó má sùn tì í. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ṣẹ́ẹ̀nì, a tẹ̀ lé e. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sílẹ̀ yí ibẹ̀ ká, ẹsẹ̀ lásán la sì wà. Baálé ilé wa ń fò bí adìẹ tó tẹ iná, ó ká sùtánà rẹ̀ dé orúnkún, Màmá ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Rọra, ọmọ mi, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó dé ẹ̀yìn ọ́fíìsì, ó rí ìlẹ̀kùn kékeré kan, inú rẹ̀ dùn. Ó kan án. Ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o." Ó tún kan án, ó wá fọwọ́ kan irin ìlẹ̀kùn náà díẹ̀, ni aago bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Irú igbe tí mi ò gbọ́ rí. Mo wọ abẹ́ sùtánà Màmá lọ tààrà. Mégáàdì ibẹ̀ sáré yọ láti ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, ó sì rí ènìyàn mẹ́rin tó wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà, tí wọ́n dúró láàárín àwọn mọ́tò. Búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ já bọ́. Dádì fi gẹ̀ẹ́sì tó máa ń fi ka Bíbélì ṣàlàyé fún un pé mọ́tò la wá rà. Ọkùnrin náà ní kí a padà wá lọ́la. Dádì ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́la. Ó ní kí a wá ní Sátidé nígbà náà. Dádì ní òun ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Mégáàdì náà wo sùtánà rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní bóyá kó kúkú bá Ọ̀gá tó wà lókè sọ ọ́. Bí Dádì ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá, Màmá ní, "Ọkùnrin yẹn lọ́gbọ́n. Ẹ fún un ní mọ́ínmọ́ín." A sì fún un lóòótọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, mégáàdì kì í lé wa mọ́. Sọ́ńdè kẹta, Dádì rí mọ́tò tó wù ú, aláwọ̀ eérú kan tó dúró sí ìlà iwájú. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e lórí, ó gbàdúrà, ó ta òróró sí i níwájú. Mọ́mì ò gbàdúrà. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ibi tí awakọ̀ máa ń gbà wọlé, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń yí i lókè, bí ẹni tó di sítẹ́ẹ̀rì mú. Ó rí i pé mò ń wò ó, ó sì sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Nígbà tí à ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, mo gbọ́ tó ń sọ fún Dádì pé, "Bàbá Tinú, ṣé mi ò lè yà síbẹ̀ lọ́la?"

"Kí wọ́n lè rẹ́ ẹ jẹ? Obìnrin nìkan?"

"Tàbí kẹ́ ẹ tọrọ àyè ọjọ́ kan níbi iṣẹ́."

"Ta ló ń tọrọ àyè? Ẹni tuntun ni mí níbẹ̀. Wọ́n á ní kí n kúkú máa lọ sílé pátápátá. Ó di Sọ́ńdè."

"Wọ́n máa ń tì ní Sọ́ńdè."

"Èmi náà mọ̀. Mò ń ronú sí i."

Ó ronú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Kérésì dé, wọ́n fún un láyè ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa jù lọ, ó lọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ta mọ́tò náà wà nílé wọn, tí wọ́n ń jẹ tòlótòló. Nígbà tí Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé Kérésì fi máa pé, àyè mọ́tò aláwọ̀ eérú ti ṣófo. Òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Màmá wo ilẹ̀ náà títí. Ó ní, "Àdúrà wa gbà. Ẹlòmíràn ló gbé e lọ." Èmi àti Dádì rẹ́rìn-ín. Mọ́mì ò bá wa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, ó bọ́ sùtánà rẹ̀, ó mú aṣọ búlúù náà kúrò lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó ká a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì fi sísàlẹ̀ àpótí, lábẹ́ àwọn aṣọ òfì tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀. Ó lọ síwájú iná, ó ń ro ọbẹ̀. Mo rò pé èmi nìkan ni mo rí i. Màmá wà lórí àga, ó ń fi ìtayín ta eyín, ojú rẹ̀ sì wà lára àpótí yẹn.

Ọjọ́ Wẹ́sìdé, tí Dádì ti jáde, Màmá wẹ̀, ó wé gèlè, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Ó ní, "Ìyàwó, wọṣọ. À ń lọ ra mọ́tò."

Mọ́mì ní, "Màámi, Bàbá Tinú ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ?"

"Mo gbọ́. Ó ní kí obìnrin má dá lọ. Ṣé o máa dá lọ ni?"

"Wọ́n á bínú, mà."

"Lọ́jọ́ tí àwọn òbí ẹ fà ẹ́ lé wa lọ́wọ́, ọwọ́ ta ni wọ́n fà ẹ́ lé? Ṣé ọwọ́ ọkọ ẹ ni? Òun wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbi tó ti ń làágùn. Ọwọ́ èmi ni. Èmi tí mo bí i ò lè dúró fún un? Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ọmọ mi. Ìwọ Tinúkẹ́, wọ bàtà ẹ."

Bọ́ọ̀sì la wọ̀. Sítáǹdì náà rí bí ibòmíràn lójú mi, nítorí pé ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀ ṣí, àwọn ènìyàn sì wà nínú rẹ̀. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ló jáde pàdé wa. Ó mú wa wo mọ́tò aláwọ̀ ewé kan tó lọ́jọ́ lórí díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mọ́mì yẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wò, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó wà á yípo lẹ́ẹ̀mejì. Màmá wọ ẹ̀yìn, ó ń fi ìdí gbọn àga bóyá ó máa ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé orí iye rẹ̀. Ọkùnrin náà ní iye tó wà lára bébà náà ni. Màmá ní kí Mọ́mì sọ fún un pé ó ti wọ́n jù. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kò yí i padà. Màmá ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ó sọ sí mi létí pé, "Rọra rìn. Má bojú wẹ̀yìn. Ó máa pè wá." A rìn kọjá ìlà mọ́tò àkọ́kọ́. Kò pè wá. A rìn dé ibi tí ṣẹ́ẹ̀nì máa ń wà. Kò pè wá. A rìn dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró, a jókòó, bọ́ọ̀sì dé, ó ṣí ìlẹ̀kùn fún wa, ó tún lọ. Màmá gbójú sókè. "Kò mà pè wá." Mọ́mì ní, "Màámi, wọn kì í pe ènìyàn níbí." Màmá ní, "Ìlú tí kò lẹ́kọ̀ọ́." A dìde, a padà. Ọkùnrin náà dúró síbi tí a fi í sí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mọ́mì san iye ara bébà náà, ọkùnrin náà sì fi táyà tuntun méjì kún un fún wa, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọrọ, Màmá sì gbà pé ìrìn òun ló mú un wá.

Nígbà tí Dádì dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rí mọ́tò náà nísàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Ó yí i ká. Ó fẹsẹ̀ ta táyà. Ó gòkè wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ta ló ra mọ́tò yẹn?"

Màmá ní, "Èmi ni."

"Màámi, ẹ ò jẹ́ kí n mọ̀."

"Ò ń ronú lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ dí ẹ lọ́wọ́."

Dádì ò bínú síta. Ó jẹun, ó dúpẹ́ fún oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ mọ́tò náà. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwa mẹ́ta wọ mọ́tò tuntun lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òun wọ mọ́tò Alàgbà níwájú wa. Mo ń wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ láti Mission Bend títí a fi dé. Kò bojú wẹ̀yìn rárá. Mọ́mì yọ aṣọ búlúù rẹ̀ nínú àpótí, ó ní kí n lọ̀ ọ́, mo sì rí i pé inú rẹ̀ ò dùn tó bí mo ṣe rò pé ó máa dùn.

Mọ́ńdè ọjọ́ iṣẹ́ náà pé. Ilé ìwé wa ò tíì wọlé, nítorí náà èmi àti Màmá tètè jí, a sọ̀ kalẹ̀ láti sìn ín. Mọ́mì wọ mọ́tò, ó tan án, ó so bẹ́líìtì. Kò lọ. Ẹ́ńjìnnì ń kùn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí sítẹ́ẹ̀rì, kò lọ. Kò tíì gbé mọ́tò gba òpópó márosẹ̀ ìlú yìí rí, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá bí ìjì, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà Fulshear gbà. Màmá ní, "Ìyàwó, ṣé kò ṣiṣẹ́ ni?" Mọ́mì ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, mà. Èmi ni." Alàgbà dé nígbà náà láti wá gbé Dádì, ó fọn fèrè. Dádì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ rẹ̀. Ó wo Mọ́mì láti ojú gíláàsì. Ó lọ bá Alàgbà, ó ní kó máa lọ. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe ọ̀gá rẹ̀, ó sì dúró tààrà bí ẹni pé ọ̀gá náà ń wò ó. Ó ní òun ń tọrọ àyè òní. Ó tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó tán. Màmá yí sí mi. "Àyè tí wọ́n ní kò sí láti ọjọ́ yìí, inú fóònù ló wà."

Dádì wọ iwájú, sí ẹ̀gbẹ́ Mọ́mì. Èmi àti Màmá wọ ẹ̀yìn. Ó ní, "Ó yá, máa lọ. Mo wà níbí." A gun márosẹ̀. Dádì ń tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́lẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ńlá bá sún mọ́ wa. Mọ́mì ní, "Bàbá Tinú, bíréèkì ò sí lọ́dọ̀ yín o." Dádì ní, "Mo mọ̀. Mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni." Mo gbọ́ tí Mọ́mì rẹ́rìn-ín, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Wẹ́sìdé. A dé Fulshear kí àkókò tó pé. Mọ́mì fa aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún Màmá, ó wọlé lọ. Ìgbà tí ìlẹ̀kùn pa dé lẹ́yìn rẹ̀ ni a tó rántí pé kò sí ẹlòmíràn láàárín wa tó ní láísẹ́ńsì tó máa fi gbé mọ́tò padà sílé.

Báyìí la ṣe jókòó. Òtútù díẹ̀ wà, a gbé wíńdò sókè, a jẹ oúnjẹ inú kúlà Dádì, Màmá sùn, ó jí, ó tún sùn. Dádì ò kúrò lórí àga rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Mọ́mì jáde síta pẹ̀lú obìnrin kan tó wọ irú aṣọ tirẹ̀. Ó rí wa, ó fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin náà béèrè ta ni àwọn tó wà nínú mọ́tò láti àárọ̀. Dádì sọ wíńdò kalẹ̀ díẹ̀ kó lè gbọ́ ìdáhùn. Mọ́mì ní, "Ọkọ mi nìyẹn. Òun ló mú mi wá síṣẹ́." Dádì gbé wíńdò padà sókè jẹ́ẹ́jẹ́. Ó tún fìlà rẹ̀ tò, ó jókòó tààrà, ó sì fa bẹ́líìtì, ó so ó mọ́ra, nínú mọ́tò tó dúró sójú kan.